Fáìlì Méjì

Ọjọ́ Ajé kan náà ni àwọn méjèèjì dé,
òjò òwúrọ̀ ṣì ń kán lórí páànù kílíníìkì wa
ní Àkúrẹ́, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ọ̀dà.
Èmi ni mo ń kọ orúkọ.
Bírò mi ló máa ń rí wọn kí dókítà tó rí wọn.

Fọlájìmí ló ṣíwájú, ọmọ olùkọ́ àgbà,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bàtà rẹ̀ ń dán.
Kò sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Dókítà fa àga mọ́ ọn, ó rọ ohùn sílẹ̀:
"Ọmọ mi, kí ló wúwo lọ́kàn rẹ?"
Mo kọ ọ́ sójú fáìlì: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.
Wọ́n fún un ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé,
níbi tí a ti ń rí òkè bí ìkùukùu bá ká.

Ọ̀sán ni Onimisi dé, lẹ́yìn ọ̀kadà,
okùn tí wọ́n fi ń di àpò kòkó ni wọ́n fi dì í lọ́wọ́.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lòun náà.
Òun náà kò sùn. Òun náà kò sọ̀rọ̀,
àbí ká kúkú ní kò sọ èyí tí etí wa gbọ́.
"Ọmọ Ìgbìrà inú oko ni," ni ọ̀gá rẹ̀ wí,
"orí wọn máa ń gbóná bẹ́ẹ̀."
Kò sí ẹni tó fa àga.
Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ni wọ́n pè.
Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta ní Yorùbá,
mo pariwo lẹ́ẹ̀kẹta,
bí ẹni pé adití ni àjèjì.
Bírò kan náà, yíǹkì kan náà,
mo kọ ọ́: oníjàgídíjàgan.

Ẹ má wulẹ̀ dá mi láre.
Èmi ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi èdè mi ṣẹ̀fẹ̀ n'Ìbàdàn,
tí mo lo oṣù méjì ní kíláàsì láìlanu,
ó yẹ kí n mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìwà,
pé ẹnu tó pa dé, ilé lè jìnnà sí i ni.

Ìyá Ohunene ń fi àkísà nu ilẹ̀.
Ọdún méje ló ti ń nu ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa,
a ò bi í rí pé èdè wo ló fi ń lálàá.
Ó gbé àkísà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ.
Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, kò ju ẹyọ kan lọ.
Ọmọ náà gbórí sókè
bí ẹni tí wọ́n ké sí láti òdìkejì odò.

Ẹkún ló kọ́kọ́ dé, kí ìtàn tó tẹ̀ lé e:
Adinoyi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìrókò wó lù lọ́jọ́ Jímọ̀.
Wọ́n sin ín sétí oko.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní kó gbé àdá ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró, kòkó ti pọ́n.
Àdá yẹn ló ń gbọ́ lóru. Ó ní orúkọ òun ló ń pè.

Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí n tú okùn.
Mo fi bírò pupa fagi lé ọ̀rọ̀ tí mo kọ,
ṣùgbọ́n ó ṣì ń yọjú lábẹ́ ìlà,
bí àpá okùn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀.
Fọlájìmí wá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, bàbá rẹ̀ ní mọ́tò.
Onimisi wá lẹ́ẹ̀mejì. Owó ọ̀kadà láti abúlé
ju owó iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.
Owó agbálẹ̀ ni Ìyá Ohunene ṣì ń gbà,
bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́rin ló ti bá wa tú ahọ́n wọn.
Mo kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà. Kò tíì fèsì.
Mo mú rúlà, mo fa ìlà tuntun
sójú gbogbo fáìlì, ṣáájú àìsàn, ṣáájú àdírẹ́sì:
Èdè wo lo fi ń sunkún?

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Eruku ń bò ó. Mo ń nù ún.