Ìwọ̀n Ẹsẹ̀

Ẹ̀bá gọ́tà ni ìsọ̀ mi wà ní Yemetu,
níbi tí títì ti dagẹ̀rẹ̀ kúrò ní Adéọ̀yọ́.
Bàtà ni mò ń rán.
Bàtà kì í purọ́ fún mi:
mo mọ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀,
mo mọ ẹni tó ń sá fún gbèsè.

Lónìí, lẹ́yìn tí iléèwé ṣíwọ́,
Mojírayọ̀ tún gbé òmíràn dé,
aláwọ̀ ọsàn, okùn rẹ̀ funfun báláú.
“Bàbá, ẹ bá mi fẹ̀ ẹ́.”
Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé.
Láti Lẹ́sítà ni wọ́n ti ń dé,
kò sí èyí tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń wẹ ìyá oníyàá,
tó ń gé èékánná fún arúgbó tí kò mọ orúkọ rẹ̀.
Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ àjàgbé lóru.
Wọn ò gbàgbé ọmọ, ẹ má ṣì mí gbọ́.
Owó iléèwé ò pẹ́ rí.
Àmọ́ ẹsẹ̀ tí ìyá ń ra bàtà fún
ni èyí tó so okùn bàtà fún nígbà ìkẹyìn,
ẹsẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún.
Ọjọ́ yẹn dúró sójú ìyá.
Ẹsẹ̀ ò dúró.

Mo ní, “O ò ṣe sọ fún wọn?”
Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ to yanrìn jọ.
Ó ní orí òun nìkan ni wọ́n ń rí nínú fóònù,
ìyá àgbà ló ń dì í mú, ọwọ́ wọn a máa gbọ̀n,
nígbà mìíràn, àjà ni wọ́n ń fi hàn.

Mo fa bébà sìmẹ́ńtì yọ.
“Gbé ẹsẹ̀ lé e.”
Mo fi pẹ́ńsù yí i po, gìgísẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan.
Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.
Ìgbà tó wo ilà náà, ẹ̀rín tán.
Ó sún mọ́ etí mi:
“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á kó kéré díẹ̀.
Bó bá tóbi báyìí,
màámi á mọ bó ṣe pẹ́ tó,
wọ́n á sunkún níbi iṣẹ́.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Mojírayọ̀,
ẹsẹ̀ tó dàgbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.
N ò pa nǹkan kan rẹ́.
Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́.

Òru ni èsì dé.
Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.
Bébà funfun ni, ẹsẹ̀ àgbà ni wọ́n yà sí i,
ó fẹ̀ lápá kan,
ẹsẹ̀ ẹni tí kì í ráyè jókòó.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ bọ́ bàtà,
ó nu àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ aṣọ iléèwé,
ó rọra gbé e lé ojú fóònù mi.