Tai Labalábá

Lẹ́tà ọkọ̀ ojú omi wọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lọ́jọ́ Ẹtì.
Òjò ń lu páànù ṣọ́ọ̀bù mi, iná ti lọ,
mo ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni ń gun òkè.
Ọ̀gá Fátúnlà wọlé, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e,
agboòrùn kan lórí ẹni méjì,
ìjà kan náà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ọmọ wọn obìnrin ló sanwó ìrìn àjò,
òru mẹ́rìnlá lórí omi iyọ̀.
Àmọ́ ìwé ní: alẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́rìnlá,
kí ọkùnrin wọ kóòtù dúdú, kó de tai labalábá;
ẹni tí kò bá fẹ́, kó gòkè lọ jẹun
níbi tí àwọn ọmọdé oníṣòkòtò péńpé
ti ń bu oúnjẹ fúnra wọn.

Ọ̀gá ní, "Èmi! Ọmọ olókè!
Ẹ̀tù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi,
ta ni yóò wò ó tí yóò ní kò tó aṣọ oúnjẹ alẹ́?
Mo sanwó o."
"Ọmọ rẹ ló sanwó."
"Ọmọ mi sanwó! Ta ló tún wá ń pàṣẹ fún ọrùn mi?"

Màmá Morádékẹ́ tú gèlè, ó tún un wé
(bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bó bá fẹ́ sọ òótọ́):
"Àwẹ́, ulé onílé ni.
A kì í dé ulé ẹlòmíì ká máa bá ilẹ̀kùn rẹ̀ jà.
Èmi fẹ́ wọ aṣọ gígùn, kí n jókòó ti àwo tó ń dán,
kí ẹnìkan bu ọbẹ̀ fún mi
lẹ́ẹ̀kan péré láyé mi."

Mi ò sọ̀rọ̀. Téèpù wà lọ́rùn mi.
Mo ń rántí ìgbà tí mo wà ní ìwé karùn-ún,
tí Ọ̀gá yìí kan náà dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú pàṣán,
tó ní káàkí mi pọ́n ju ti ilé ìwé lọ.
Káàkí ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun náà jogún rẹ̀ ni.
Ó ní òfin ò mọ ẹ̀gbọ́n, òfin ò mọ àbúrò.
Mo yí padà sílé.
Ọ̀nà yẹn ni mo gbà dé ìdí ẹ̀rọ yìí. Kò burú.

Ọ̀gá ò rántí. Ó na apá, mo wọ̀n ọ́n.
Àyà, méjìdínlógójì. Ọrùn rẹ̀ ti fún.
"Ṣé o rí ìwọ̀sí, Aríyìíbí?
Kéèyàn wọṣọ tán, kí wọ́n ní ìhòòhò ló wà!"
Mo ní, "Mo rí i, sà."
Abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín mi, n ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀.

Mi ò rán tai labalábá rí.
Agbáwo òtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó ló yá mi ní tirẹ̀,
mo tú u, mo wo inú rẹ̀, mo tún un rán.
Màmá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Ẹni tó ń gbáwo, ẹni tó ń jẹun,
ọrùn kan náà!"

Wọ́n dé. Wọ́n mú fọ́tò wá hàn mí.
Alẹ́ àkọ́kọ́: Màmá ti àwo tó ń dán,
àga ọ̀tún rẹ̀ ṣófo.
Alẹ́ kejì: Ọ̀gá lókè, nínú ẹ̀tù,
láàárín àwọn ọmọ òyìnbó, ẹran adìẹ lọ́wọ́,
ẹ̀rín gba gbogbo ẹnu.
Alẹ́ kẹta: àwọn méjèèjì. Kóòtù mi.
Èjìká ni mo kọ́kọ́ wò, iṣẹ́ ni. Ó jókòó dáadáa.
Tai náà wọ́ díẹ̀ sápá òsì.
Orí Ọ̀gá sì wà lásán.
Láti kékeré mi n ò rí orí yẹn rí láìsí fìlà.

Mo fẹ́ bi í pé ta ló ní kó ṣí i.
Ó ti gba fọ́tò lọ́wọ́ mi,
ó ti kọjú sí ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà:
"Ìwọ, ki ṣẹ́ẹ̀tì rẹ bọ ṣòkòtò."