Ọpọ́n Kẹta

Aago mẹ́rin ìdájí, mo ti wà nídìí ẹ̀rọ omi.
Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Dalhart, ooru ti jí ṣáájú mi.
Mama Lorene yọjú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ó pe orúkọ mi bí ẹni tó ń fi ahọ́n wá egungun ẹja:
"Àkànmú, wo ọpọ́n kẹta kó o tó mu kọfí."

Ọpọ́n ìmumi àkọ́kọ́ kún.
Ẹyẹ kékeré kan kú sínú ìkejì, mo fi ọwọ́ gbé e jáde.
Ọ̀nà ìkẹta ló jìn.
Páìpù dúdú ló ń gbé omi lọ síbẹ̀,
ó nà gbalaja lórí iyanrìn bí ejò tó ń yá oòrùn;
tó bá fi máa di ọ̀sán, o lè fi omi rẹ̀ tẹ ẹ̀bà.
Màlúù á tẹnu bọ̀ ọ́, á yọ ọ́, á wá wò mí.

Ní Ìṣẹ́yìn, màlúù olówó ló ń kọjá lójú títì,
èmi a pòṣé, n ó dúró kí wọ́n kọjá.
Ní báyìí mo mọ èyí tó ń fi ìwo ti ọmọ ẹlòmíì sẹ́yìn,
mo mọ èyí tí kì í mu àfi tí mo bá yíjú.

Bọ́ọ̀lù tó ń ṣí omi, tó ń sé omi, ti há.
Ìsàlẹ̀ ọpọ́n sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀.
Igba màlúù ó lé mẹ́tàdínlógún yí i ká,
kò sí èyí tó ké.
Màlúù tó ń ké ṣì lómi nínú.

Wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin.
Ìwọ̀nyí nírù.
Ta ni yóò bá wọn pọnmi?

Èmi àti Eusebio ni. Táńkì lẹ́yìn ọkọ̀, àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin.
Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ní ọgọ́rùn-ún lé mọ́kànlá,
Eusebio ní irọ́ ló ń pa, ó fi fìlà bò ó lójú.
A fi ọ̀pá lé àwọn àgbà sẹ́yìn kí àwọn ọmọ ráyè.
Ọ̀kan kò dìde. Mo fi agolo bu omi sí i lẹ́nu,
ó ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.
Mo tún bù. Mo tún bù.

Nírọ̀lẹ́, Mama Lorene dé. Kò béèrè iye tó kù.
Ó kúnlẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
ó ki ọwọ́ bọ ọpọ́n dé ìgúnpá, ó fi í síbẹ̀
bí ẹni tó ń yẹ ara ọmọ wò bóyá ibà ti lọ.
"Ó tutù," ló wí.

Kò tutù. N kò sọ fún un.
Lẹ́yìn wa, èyí tó dùbúlẹ̀ gbọn etí kan.