Ogójì Afárá, Òkè Kan

Èkó ò lókè. Ẹ bi ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́.
Láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta títí dé Ìdúmọ̀tà
ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní,
àfi afárá nìkan ló gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀
bí ológbò tí wọ́n fọwọ́ pa lẹ́yìn.

Bàbá mi, Ládẹ̀jọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́,
wà lórí ibùsùn nínú yàrá wa ní Oko Bàbá.
Ó ní, "Ogójì afárá ló wà nínú òkè Ẹfọ̀n kan ṣoṣo.
Lọ gùn ún nígbà ogójì
kí o tó wá bá mi sọ̀rọ̀ òkè."

Mo bá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Ráálè aláwọ̀ ewé
tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí agogo rẹ̀ ti gbàgbé ohùn.
Aago márùn-ún ìdájí, kí ọkọ̀ tó gba ọ̀nà lọ́wọ́ mi,
mo gun afárá Kátà, mo sọ̀, mo yí padà, mo tún gùn ún.
Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi fún ẹsẹ̀ mi:
a ń gun kẹ̀kẹ́, a ń gun òkè,
ọ̀nà náà sì gùn.

Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná.
Ní ìlà kejìlá, Bàbá ní, "O ti kúrò ní Ìwàrájà.
Igbó ti ń bo ojú ọ̀run. Tan iná kẹ̀kẹ́."
Ní ìlà kọkàndínlógún: "Ẹ̀rìnmọ̀ rèé.
Fi omi yọ ẹnu, má gbé e mì.
Kọ́nà tó ń bọ̀ burú, ó ká kò bí òjòlá tó yó.
Bí o bá gbọ́ omi tó ń já látorí àpáta,
má wò ó. Ojú ọ̀nà ni kí o wò."
Mo ń gbọ́. Ọ̀sà ń lá ẹsẹ̀ afárá,
ọkùnrin kan ń tọ̀ sára irin.

"Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pani," ó wí.
"Ẹni tó di bíréèkì mú látòkè délẹ̀, rọ́bà á jó.
Tẹ̀ ẹ́, tú u, tẹ̀ ẹ́, tú u,
bí ẹni ń bá ọmọ wí."

Akọ̀wé igi ni nígbà náà.
Òòlù kékeré kan wà nínú àpò kẹ̀kẹ́,
lẹ́tà mẹ́ta lẹ́nu òòlù náà;
igi tó bá ti kàn, ó ti di ti oníléeṣẹ́.
Ìrókò, ọ̀gànwó, ọmọ, afàrà:
ó gun kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn nílé wọn lórí òkè,
ó yẹ̀ wọ́n wò, ó kàn wọ́n lóòlù,
ó sì fẹsẹ̀ lé pẹ́dà.

Ní ìlà kejìdínlógójì, kùrukùru bo ọ̀sà.
Atẹ́gùn gbé òórùn kan wá láti ibi ayùn:
igi tútù, oje, ìyẹ̀fun igi tó ń jó láìlóhùn.
Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo ti dé igbó.
Nísàlẹ̀, ìtì gẹdú kan tó já lókùn ń léfòó lọ,
ó kọ ẹnu sí mi.
Ó dà bí ẹni pé mo rí lẹ́tà. N ò mọ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́.

"Mélòó?" ni Bàbá bi mí.
"Méjìdínlógójì."
Ó fa apá aṣọ mi mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀ títí.
"Ṣé igbó yẹn ṣì wà?"
Ẹnu mi wúwo.
Ó ní, "Má parí rẹ̀ síbí. Gbé méjì tó kù
lọ sórí òkè gan-an."

Lálẹ́ yìí mo di ẹrù: túùbù méjì, pọ́ǹpù Sàlámì tí mo yá,
ẹ̀kọ gbígbẹ, ìgò omi.
Ó rò pé n ò rí òun
nígbà tó yọ òòlù kúrò nínú àpò,
tó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.
Ọkọ̀ Iléṣà gbéra láago mẹ́fà.
Wọ́n ní owó kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sówó èrò.