Aṣọ Búlúù Létí Odò Ọ̀pà

Mo ta aṣọ búlúù mẹ́ta mọ́ igi létí odò Ọ̀pà,
mo rán dúdú sí wọn láàárín, bí ojú ilé tí ò nílẹ̀kùn.
Ọmọ kan tó ń ru kòkó kọjá bi mí:
"Àǹtí, ta lẹ ń ṣaṣọ dè?"
Mo ní eṣinṣin ni.
Ó rín títí kòkó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù lórí rẹ̀.

Irù ni mò ń retí, òun ló fẹ́ràn búlúù,
irù tí ń pa ìyẹ́ méjèèjì léra bí ẹnu àlùmọ́gàjí.
Kì í yé ẹyin rẹpẹtẹ bí eṣinṣin ààtàn;
ọmọ kan ló ń lóyún, ọmọ kan ló ń bí,
wàrà ló fi ń tọ́ ọ nínú. Abiyamọ gidi.
Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ta ló di wàrà?

Ògúnṣeyè gbé ìgalà dé láàárọ̀, ìrì ṣì wà létí rẹ̀.
Mo bẹ̀ ẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kó tó wi í níná.
Ní Yunifásítì Ifẹ̀, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i:
tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún
bí ọmọ ẹja nínú kòtò òjò.

Ara ìgalà ń dán. Kò ṣàìsàn rárá.
Òun àti àlejò rẹ̀ ti mọ ìwà ara wọn.
Nínú tiwa, bí ara bá dá ẹ̀wù rẹ̀ mọ̀, á bọ́ ọ, á wọ òmíràn;
kò sí télọ̀ ní Lágéré tó lè rán tó bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀yà kan ń pa màlúù,
òmíràn ń yọ́ wọ ọpọlọ ènìyàn.

Ọ̀gá mi ní ìbátan rẹ̀ kan wà ní Bùràsíìlì:
inú sísán ògiri alámọ̀ ni kòkòrò tó ń gbé e ń sá sí,
ẹranko kan bí akika ló ń gbà á sílé.

Wọ́n ní bàbá ìyá mi ya ọ̀lẹ lọ́jọ́ alẹ́,
ó ń sùn nídìí ebè, ọkọ́ lọ́wọ́,
ó ń rìn kiri lóru bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́.
Ìyàwó rẹ̀ bú u títí ó fi kú.
N kò mọ ohun tó ṣe é. A kì í gba ẹ̀jẹ̀ lára eegun.

Nírọ̀lẹ́, irù mẹ́rìnlá ló wà nínú àwọ̀n. Ọ̀kan lóyún.
Mo dúró díẹ̀, mo dà á sínú sípírítì pẹ̀lú àwọn yòókù.
Ìgalà kan wá mumi lódìkejì.
Ó gbójú sókè wò mí. Kò yán.
Èmi ni mo yán.