Ojú Irin

Ayùn méjì jókòó lórí káńtà ní Pánṣẹ́kẹ́.
Ọ̀kan ní ojú irin tirẹ̀, bí rélùwéè Lafẹ́nwá:
ibi tí o bá tẹ́ ẹ sí ló ń gbà,
kì í yà kí ẹnikẹ́ni.
Owó rẹ̀ tó owó ilé ọdún kan.

Èkejì, olóbìrípo, ọmọ ìta ni.
Irú rẹ̀ ló jẹ ìka ìfábẹ̀lá ọ̀gá mi, Ṣówẹ̀mí.
Ọlọ́jà ní, “Ìka ò ní sípíà o.”
Mo ka owó lẹ́ẹ̀mejì.
Mo gbé olóbìrípo.

Nílé, mo wá pákó àpá kan tó gún régé,
mo fi irin méjì há a mọ́ ilẹ̀kùn oníbàárà,
mo ní kí ayùn máa tọ̀ ọ́.
Ó tọ̀ ọ́,
àfi ìgbà tó kan kókó igi.

Ìka mẹ́wàá ni mo kà
kí n tó tún taná.