Aláìlọ́rọ̀-púpọ̀

Bàbá Láyọnu wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíé,
ẹrẹ̀ kòtò ẹja ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
"Mojírádé, ẹja tó lé ní igba kú mọ́ mi lọ́wọ́.
Omi fà lóru, n ò sí níbẹ̀.
Bá mi ṣe nǹkan kan tí yóò máa pè mí."

Oko rẹ̀ ń bẹ lọ́nà Ìrẹsà, lẹ́yìn igbó kajú.
Wáyà iná ò dé ibẹ̀.
Bátìrì méjì, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ,
ni gbogbo agbára tí a ní.

Mo kọ́kọ́ ro ti Wáìfáì. Aláròyé ni.
Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó ti fa bátìrì gbẹ
bí ọmọdé ṣe ń fa ọsàn mu.
Mo ro ti Bùlútúùtù:
ìyẹn ò jẹun púpọ̀,
ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò kọjá igi kajú kẹrin.
Ta ni yóò dúró síbẹ̀ gbọ́ ọ?
Síìmù ńkọ́? Bàbá bú sẹ́rìn-ín:
"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo ń gun òkìtì ọ̀gán kí n tó rí?"

Ọjọ́ mẹ́rin, n ò rí ojútùú.
Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún mo rántí ìyá ìyá mi,
bó ṣe máa ń pè wá láti òdìkejì odò.
Kì í wí ju "Óoo" lọ,
ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó fà gùn.
Kò sí gbólóhùn nínú rẹ̀,
síbẹ̀ a mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Mo yan rédíò kékeré tí wọ́n ń pè ní Lórà.
Kò lè gbé àwòrán, kò mọ orin,
ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ló ń fà, díẹ̀díẹ̀,
gba orí igbó
títí yóò fi kan ọ̀pá irin lórí òrùlé Bàbá.
Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ó ń jí,
ó fọwọ́ kan omi, ó wí tirẹ̀,
ó padà sùn.

Oṣù keje rèé, bátìrì ò tíì kú.
Àfi ìjẹta, tí òjò dé pẹ̀lú ìjì,
Bàbá pè mí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ:
"Ó dákẹ́! Mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, omi kún dẹ́nu.
Àbí ara rẹ̀ ò yá ni?"
Mo ní òjò ló bo ohùn rẹ̀.
Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀ lórí fóònù.
"Ó dáa. N óò kọ́ ìdákẹ́ rẹ̀
bí mo ṣe kọ́ ti ìyàwó mi."